Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Fíìmù Rẹ

Ojúlé wa, Ìtamága, Ìkòròdú.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alaásárì.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Bàbá rẹ ní kí n bá àwọn kí ọ, mo sì ti kí ọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, èmi nìkan ni mo ni ín. Bó bá dùn ọ́, má lọ bínú sí wọn.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí bó ṣe nípọn. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, "Màámi, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ n pè yín padà" ni wàá wí, o ò sì ní pè. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, wàá tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kó lè tètè tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí máṣíìnì mi, tí mo mú bíírò. Aládùúgbò wa tó ń bọ̀ ní Sùúrùlérè lọ́la ni yóò bá mi mú un wá. Bó o ṣe ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, jọ̀ọ́, fún un lómi tútù mu.

Ọ̀rọ̀ fíìmù rẹ ni.

Mo mọ̀ pé o ti fajú ro báyìí. Rọra. Lọ́jọ́ tí a jáde nílé sinimá níbí, o dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Màámi, ó dùn?" Mo ní, "Ó dùn, ọmọ mi." O tún bi mí pé, "Ó dùn lóòótọ́?" Mo ní, "Ó dùn gan-an ni." Àṣàkẹ́, irọ́ ni. Kò dùn. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo wa la tajà èké fún ọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ará ilé, ará oko, o sì rà á tán lọ́wọ́ wa. Ìgbà tó o délé tó o ṣí fóònù, tó o ka ohun tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń kọ, lo wá mọ̀ pé ayédèrú la kó fún ọ. Ó dùn mí pé ẹnu àlejò lo ti gbọ́ ohun tó yẹ kó o gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ọkùnrin tó ṣe ọkọ ìyàwó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wọ yàrá. Kó tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣẹ́ẹ̀tì ti di yẹ́lò. Aránṣọ ni mí, ojú mi kì í fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré. Bàbá tó kú, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ilé ń sunkún lé lórí, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ má tíì sin ín o, ó ṣì ń mí!" Gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín, mo sì wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ, mo rí i pé o ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun lóyún, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn wọn. Ìgbà tí ikùn yọ la tó mọ ohun tó sọ. Bàbá Fàtáì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tó o fi sáàárín èrò lọ́jà ẹja, wọ́n yíjú sí kámẹ́rà, wọ́n sì juwọ́. Gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ tó jókòó sí sinimá sì juwọ́ padà sí wọn. Ìyẹn ò burú, èmi gan-an juwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ ká mọ ẹni tó jí ọmọ tí ìyàwó náà bí gbé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó parí. Ọmọ dà? Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọmọ ọlọ́mọ wà.

Bàbá rẹ ò lè jẹ́rìí sí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ẹni tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́ kó lè débi iṣẹ́ ní Erékùṣù, tí o wá gbé sínú òkùnkùn tó tutù, lórí àga tó rọ̀, kí lo fẹ́ kó ṣe? Wọ́n ti sùn kí ìyàwó tó wọlé ọkọ.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, mi ò bá má kọ lẹ́tà. A ó fi ṣẹ̀fẹ̀ títí á fi tán. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló gbé mi jókòó.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyá ọkọ mi ṣe nítorí fíìmù yẹn. Nígbà tó o kó àwọn èèyàn rẹ dé Ẹ̀pẹ́, kó o tó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́n pe ààfáà, wọ́n din àkàrà, wọ́n fi ṣe sàráà fún gbogbo ọmọ àdúgbò, wọ́n ní kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó bọ́ sófo fún ọ. Wọ́n jókòó sídìí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, níbi tí wọ́n ti ń jókòó láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì bá ìyàwó inú fíìmù sọ̀rọ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe wọlé ọkọ. O ò kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú èdè Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi ń gbàdúrà, tí wọ́n fi ń bú wa. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó sunkún tòótọ́ tòótọ́, ìwọ alára sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Lọ́jọ́ sinimá, àwọn ló kọ́kọ́ wọ búọ̀sì tí a háyà ní Ẹ̀pẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá sinimá, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n ní a kì í wọ bàtà tẹ irú kápẹ́ẹ̀tì báyìí. Wọ́n fi bàtà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lé itan. Wọ́n kí gbogbo àwọn tó ti jókòó nínú òkùnkùn ní "Asalamu alaekun", àwọn kan sì dáhùn. Nígbà tí ojú wọn yọ lára ògiri, tó tóbi ju ilé lọ, àwọn ará wa pariwo, "Ìyá Àgbà rèé o!" Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n wá la ẹnu lára ògiri, ohùn ọmọge kan ló jáde.

Ohùn tó ń dán bí ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò. "Ulé" tí Ìyá Àgbà máa ń wí ti di "ilé". Ẹnu wọn pa dé, ohùn náà ṣì ń lọ. Àwọn kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n sì di ọ̀rá bàtà wọn mú títí ó fi parí. Mo tẹ̀ lé wọn padà sí Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí a dé Ìtòkín ni wọ́n tó yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká délé ná. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi.

O ti ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. O ní jẹnẹrétọ̀ àdúgbò àti atẹ́gùn ọ̀sà ló ba ohùn jẹ́, o ní ẹni tó nawó sí i fẹ́ kó jáde nígbà Iléyá, àti pé ẹnì kan ní àwọn ará ibòmíràn ò ní gbọ́ èdè Ẹ̀pẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tiwọn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni kò tíì gbọ́, nítorí o ò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ náà. O wá ránṣẹ́ sí mi pé o ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì, "mo ti fi fíìmù sílẹ̀ pátápátá, ojú ti tì mí tó." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Èkínní. Iṣẹ́ ọ́fíìsì dára. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé owó oṣù kì í ṣe nǹkan, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù bàbá rẹ la fi kọ́ ilé yìí, òun la fi rán ọ nílé ìwé. Nítorí náà, lọ. Tètè máa dé ibẹ̀. Má bá wọn sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Máa gbé oúnjẹ láti ilé, ikùn rẹ ò gba oúnjẹ títà, o mọ̀. Ṣùgbọ́n má fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́. Iṣẹ́ téèyàn bá torí ìtìjú sá wọ̀, kì í pẹ́ kó tó di ẹ̀wọ̀n fún un. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ iṣẹ́ náà, mo bá ọ yọ̀. Bó bá jẹ́ pé ò ń sá fún Ìyá Àgbà ni, kò sí ọ́fíìsì tó jìnnà tó.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ṣubú tán, ilẹ̀ lo tẹjú mọ́. Kí ló wà nílẹ̀?

Èkejì. Èyí gùn díẹ̀, lọ bu omi mu.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìrídọ̀mù iṣẹ́ aṣọ rírán ni, orí mi sì wú. Iléyá ń bọ̀, Ìyá Àgbà ra àǹkárá kan tí ẹyẹ wà lára rẹ̀, ẹyẹ tó dúró lórí ẹ̀ka igi. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún aránṣọ tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo já a gbà. Mo ní, "Ẹ gbé e wá, màámi, kó tó di ọ̀la ẹ ti máa wọ̀ ọ́." Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀ pé mo yára ni. Mo ká aṣọ náà sí méjì léjìká bí a ṣe máa ń ká aṣọ bùbá, mo gé e, mo rán an. Ìgbà tí mo na bùbá sókè ni mo rí ohun tí mo ṣe. Ẹyẹ iwájú dúró dáadáa. Gbogbo ẹyẹ ẹ̀yìn ló doríkodò bí àdán. Aṣọ tí àwòrán ara rẹ̀ bá ní orí àti ìdí, ṣe la máa ń gé e sọ́tọ̀ ní èjìká ká tó rán an pọ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n rántí.

Kí ni mo ṣe? Ohun tí ìwọ náà ń ṣe báyìí ni. Mo fi bùbá náà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn nígbà tí wọn ò sí nílé, mo sì sá lọ sílé ìyá mi ní Ìjẹ̀dẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé ibà ń ṣe mí. Mo ń gbèrò láti ta máṣíìnì mi, kí n máa bá wọn ta ẹja.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó jáde Iléyá, mo dùbúlẹ̀ sí yàrá, mo gbọ́ ohùn kan lóde, "Ibà yẹn ńkọ́?" Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì wọ bùbá náà! Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ti rí i. Wọ́n ní obìnrin kan bi wọ́n pé ta ló rán an, àwọn sì dáhùn pé, "Ìyàwó ọmọ mi ni, ó ṣì ń kọ́ ọ." Mo dojúbolẹ̀, mo sunkún. Wọ́n bọ́ bùbá náà síwájú mi, wọ́n yọ ègé àǹkárá tó ṣẹ́kù nínú báàgì, wọ́n ní, "Tú u. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ti doríkodò tó, jẹ́ kí wọ́n bà sórí igi wọn." Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi tú u tán, mo gé ẹ̀yìn tuntun, mo rán an. Aṣọ yẹn ni wọ́n wọ lọ kírun Iléyá. Wọn ò fi bú mi rí láti ìgbà náà, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ìyẹn sì yàtọ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò lè tú aṣọ kò tíì mọ̀ ọ́n rán. Kì í ṣe rírán ló ṣòro. Kó o jókòó síwájú ẹni tó o ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, kó o máa tú u lójú rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò ní padà lọ kà á. Má fi ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lórí fóònù ṣe oúnjẹ. Àwọn tó ní o ò lẹ́bùn ò mọ nǹkan kan, bí àwa tí a ní "ó dùn" náà ò ṣe ràn ọ́ lọ́wọ́. Èmi tí mo ti sọ ojú abẹ níkòó fún ọ, èmi náà ni kó o gbà gbọ́ nígbà tí mo bá sọ èyí. Ibì kan wà nínú fíìmù yẹn tí àwọn obìnrin ń rìn lọ sí etí ọ̀sà ní ìdájí, apẹ̀rẹ̀ lórí, ìkuukùu lójú omi, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kò sí orin. Ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń gbọ́ nínú iyanrìn. Nílé sinimá, ẹni tó ń jẹ gúgúrú dáwọ́ dúró. Mo yíjú, mo rí i pé bàbá rẹ ti jí. Wọn ò padà sùn títí ibẹ̀ fi kọjá. Nígbà tí mo ti Ẹ̀pẹ́ padà délé, wọ́n ní, "Ibi omi yẹn, mo rántí ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré." Wọ́n wọlé lọ. Bàbá rẹ nìyẹn, tí kì í sọ ohun tó wà níkùn wọn.

Ṣé ẹni tí kò lẹ́bùn ló ṣe ìyẹn? Àṣàkẹ́, ìwọ lo ṣe é. Ibi tó o ti fara balẹ̀ ló dára. Ibi tó o ti jẹ́ kí wọ́n lé ọ léré ló bàjẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, o ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, o rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ó ku ẹyọ kan. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun yìí, lọ sí Ẹ̀pẹ́. Má fi ẹ̀bùn rán ẹnikẹ́ni. Má kọ́kọ́ máa ka ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó nawó sílẹ̀. Kúnlẹ̀, kó o ní, "Ìyá Àgbà, mo gba ohùn yín fún ẹlòmíràn, ẹ má bínú." Kó o dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tó dùn wọ́n kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé fíìmù ò dára. Ta ló sọ fún wọn pé fíìmù dára tàbí kò dára? Ohùn wọn ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀rù ń bà ọ́, mo mọ̀. O rò pé wọ́n ń bínú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́ tì wọ́n títí di àná. Lánàá tó jẹ́ Jímọ̀, mo lọ kí wọn. Mo bá àga wọn nídìí ààrò, wọ́n ti gbá ibẹ̀, wọ́n ti kó àwọn igi tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní, "Màámi, ṣé àlejò ń bọ̀ ni?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi ń bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ padà. Sọ fún un pé ohùn mi ṣì wà lọ́fun mi. Kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kó má pẹ́, torí mi ò kéré mọ́."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣeé fi sínú fíìmù ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ṣe tuntun, kó jẹ́ ti Ìyá Àgbà nìkan, kó kúrú, kó dára. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ti ọ́fíìsì.

Nígbà tí mo ń padà lọ sí ibùdókọ̀, àwọn ará àdúgbò dá mi dúró lọ́nà, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi ni. Àṣé Ìyá Àgbà ti fi ọ̀pá wọn rìn yí gbogbo wọn ká, wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé lọ́jọ́ tí Àṣàkẹ́ bá dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta omi tútù ní òun á fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń lọ ata ní òun á ti ẹ̀rọ pa. Bàbá Fàtáì ní àwọn ò ní juwọ́ mọ́. Gbogbo wọn ti gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí.

Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún wọn, ọmọ mi?

Èmi ni,
ìyá rẹ, ìyàwó Ìyá Àgbà.